Alárenà Inú Èròjà

Bàbá àgbẹ̀ kan tí oko wọn kò jìnnà sí Mọníyà, ní agbègbè Akínyẹlé, ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mo kọ́kọ́ rò pé ó rọrùn. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé ọmọ Yorùbá kan, tí ó jẹ́ obìnrin, wà ní Amẹ́ríkà tí ó ń fi èérún irin olówó iyebíye sọ omi olóró di aláìléwu. "Ọ̀mọ̀wé, báwo ni ó ṣe ń ṣe é?" Mo la ẹnu, gbólóhùn méjì jáde, ẹ̀kẹta kò jáde mọ́. Kì í ṣe pé ohun tí mo fẹ́ sọ ṣókùnkùn sí mi. Ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ ọ́ ni kò sí lẹ́nu mi, èmi tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní yunifásítì láti ọjọ́ pípẹ́. Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó bí àròkọ yìí.

Obìnrin náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọmọ́wùnmí Sadik. Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1964. Ní Yunifásítì Èkó ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì, ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1985 àti ìkejì ní 1987, kí ó tó rékọjá sí Wollongong ní Australia, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1994. Ó ṣe ìwádìí fún ọdún méjì ní àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún àbójútó àyíká, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Binghamton ní 1996, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní 2005. Ní 2019 ó lọ ṣe olórí ẹ̀ka kẹ́mísìrì ní New Jersey Institute of Technology. Bí a bá kà á báyìí, kò yàtọ̀ sí ìtàn tí a ń kà níbi ìwúyè. Ohun tí ó wà láàárín àwọn ọdún náà ni ó ṣòro láti sọ.

Ní ọdún 1823, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Döbereiner tú gáàsì hydrogen sí ara èérún platinum nínú afẹ́fẹ́ lásán. Iná sọ. Kò sí ẹni tí ó ṣá a, platinum náà kò sì jóná. Ní 1835, Berzelius, ará Sweden, fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí di òní: catalysis. Kí ni kí àwa pè é? Mo kọ́kọ́ ro ìwúkàrà, ṣùgbọ́n ìwúkàrà a máa bá ìyẹ̀fun lọ sínú búrẹ́dì, a kì í rí i yọ padà. Alárenà ni ó yá mi lára. Láyé àtijọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kì í dá lọ bá wúńdíá. Alárenà ni ó ń lọ, tí ó ń bọ̀, tí yóò mú ohun tí ì bá gba ọdún mẹ́ta wá sí oṣù mẹ́ta. Bí ojú bá sì ti mọjú tán, alárenà a yẹ̀bá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni platinum ṣe láàárín hydrogen àti afẹ́fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó nìkan ni èyí. Ajílẹ̀ òyìnbó tí àwọn àgbẹ̀ Akínyẹlé ń wọ́n sí ìdí àgbàdo, iṣẹ́ alárenà ni. Afẹ́fẹ́ nitrogen wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ bá ohunkóhun pọ̀. Fritz Haber rí ọ̀nà rẹ̀ ní 1909, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Oppau ní Jámánì ní 1913: irin ni wọ́n fi ṣe alárenà. Ní 1967 tí wọ́n dá IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ńlá nì, sílẹ̀ ní agbègbè wa, àwọn ọmọ-ọmọ irin Oppau ni wọ́n ti ń pèsè ajílẹ̀ fún ayé.

Èwo wá ni ti èérún? Ojú ara èròjà ni alárenà ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dáná rí mọ̀ pé ìtì igi kì í tètè gbiná, ṣùgbọ́n bí a bá là á sí wẹ́wẹ́, yóò jó fòò, nítorí ojú tí afẹ́fẹ́ lè fi kàn án ti pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ wá gún irin dé ìwọ̀n nanomita, ìyẹn ni pé kí a pín mítà kan sí ọ̀nà 1,000,000,000. Níbẹ̀ ni ìwà èròjà ti ń yí padà. Wúrà tí kì í dípẹtà, tí kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀, ni Haruta ní ilẹ̀ Japan fi hàn ní 1987 pé ó di alárenà tí ó yára gidigidi nígbà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, àní nínú òtútù tí omi ti ń di yìnyín.

Nínú ọgbà yìí ni Sadik ti ń ro oko. Ní 2007, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi èérún palladium ṣe alárenà láàárín chromium olóró, irú èyí tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ, àti ásíìdì kan tí a kọ́kọ́ rí lára èèrà. Chromium náà sì di irú èyí tí ewu rẹ̀ kéré jọjọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi èròjà kan tí ó ti ara quercetin wá, quercetin tí ó pọ̀ nínú àlùbọ́sà, ṣe pẹlẹbẹ wúrà kéékèèké tí ó ń ṣe iṣẹ́ alárenà. Nílé ńkọ́? Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, Agbaje Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ilé aláǹtakùn àti èèpo kòkó ṣe èérún fàdákà. Èèpo kòkó kan náà tí àwọn ìyá wa ń sun fún ọṣẹ dúdú. N kì í bá àwọn tí ń sunkún ọmọ tí ó lọ sí òkè òkun sunkún. Ẹkún tèmi ni pé a kì í ròyìn iṣẹ́ ẹni tí ó lọ, tàbí ti ẹni tí ó dúró, ní èdè tí ìyá wọn gbọ́.

Mo padà tọ Bàbá lọ, mo sì ro gbogbo rẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní, "Ṣé kì í rẹ alárenà yìí ni?" Mo ní ó ń rẹ̀ ẹ́: bí ooru bá pọ̀, àwọn èérún a sún mọ́ ara wọn, wọn a di ńlá, ojú ara wọn a dín kù, imí-ọjọ́ pẹ̀lú a máa bo ojú náà pa. Púpọ̀ nínú làálàá àwọn onímọ̀ náà ni kí èérún má bàa so pọ̀.

Bàbá mi orí. "Ọ̀rọ̀ yín dára, Ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n alárenà tiwa, ó ń gba ẹ̀bùn, ó ń jẹ níbi ìgbéyàwó. Eléyìí kò gba nǹkan kan. Ẹ lọ wá orúkọ mìíràn fún un."

N kò tíì rí i.