Atẹ́gùn Orí Ibùsùn Aláìsàn

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ni yóò wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni yóò wò. Ìtàn ni ẹ̀yìn tí àgbà ń wò. Nígbà tí wọ́n ní kí á yan ohun kan tí a ń lò lónìí, kí á sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yan fóònù, mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú. Èmi yan atẹ́gùn. Kì í ṣe atẹ́gùn tí ń fẹ́ lóko ni mo ń sọ, bí kò ṣe èyí tí ènìyàn fi ọgbọ́n darí sórí ibùsùn kí ara aláìsàn lè tutù tàbí kí ó lè móoru. Ìtàn náà ti lé ní 150 ọdún. Dókítà kan wà nínú rẹ̀ tí ó kú láìjẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, Ààrẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n yìnbọn fún, kúbùsù oníbébà kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń lò nínú yàrá iṣẹ́ abẹ lóde òní. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi mú lọ́wọ́ bí a ti ń lọ: ta ni atẹ́gùn náà wà fún?

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo ara ènìyàn. Ara tí ó dá ṣáṣá máa ń wà ní nǹkan bí 37 dígírì Celsius. Bí ó bá fi dígírì méjì péré gòkè, a ó sọ pé ibà ń ṣe ẹni náà. Bí ó bá fi méjì wálẹ̀, yóò máa gbọ̀n. Àwọn ìyá wa mọ èyí kí dókítà tó dé. Bí ara ọmọ bá gbóná, wọ́n á mú abẹ̀bẹ̀, wọ́n á máa fẹ́ ẹ. Ohun tí abẹ̀bẹ̀ ń ṣe kò ṣòro láti yé ni: ó ń lé atẹ́gùn gbígbóná tí ó rọ̀ mọ́ awọ ara lọ, ó sì ń mú kí òógùn gbẹ. Bí òógùn bá ti ń gbẹ, ó ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, ọmọ abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ nínú ìtàn yìí ni John Gorrie. Ní ọdún 1833, ó lọ máa gbé ní Apalachicola, ìlú etíkun kan ní Florida ní Amẹ́ríkà. Òwú ni òwò ìlú náà. Àwọn ẹrú, ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ àti àtọmọdọ́mọ wọn, ló ń gbin òwú náà tí wọ́n sì ń ká a. Àwọn atukọ̀ ojú omi ló ń wá kó o lọ. Ìlú náà gbóná, irà yí i ká, ibà àti ibà pọ́njú sì ń pa àwọn ènìyàn ibẹ̀. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé àìsàn méjèèjì kiri. Ohun tí àwọn dókítà gbà gbọ́ ni pé atẹ́gùn burúkú tí ń jáde láti inú irà ló ń fà wọ́n. Gorrie náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó rò ó pé bí atẹ́gùn gbígbóná bá ń fa àìsàn, atẹ́gùn tútù yóò wò ó.

Ó gbé àwo yìnyín kọ́ sókè àjà yàrá aláìsàn. Nítorí pé atẹ́gùn tútù wúwo ju èyí tí ó gbóná lọ, ó ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń kọjá lórí ibùsùn aláìsàn, ó sì ń jáde láti ojú ihò kan nítòsí ilẹ̀. Kò sí fáànù, kò sí iná mànàmáná. Ìṣòro ibẹ̀ ni yìnyín. Láti àríwá Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o wá. Orí adágún ni wọ́n ti ń gé e nígbà òtútù, wọ́n á sì fi ìyẹ̀fun pákó bò ó kí ó má bàa yọ́. Ó wọ́n gan-an, bí ọkọ̀ kò bá sì dé, aláìsàn kò rí nǹkan kan.

Nítorí náà, Gorrie pinnu pé òun yóò ṣe yìnyín fúnra òun. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ọ̀ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò mọ̀ pé ìdí pọ́ọ̀ǹpù a máa gbóná. Bí a bá tẹ atẹ́gùn mọ́ra, yóò gbóná. Bí a bá tú u sílẹ̀ kí ó gbòòrò, yóò tutù. Ọgbọ́n tí Gorrie lò nìyẹn. Ó tẹ atẹ́gùn mọ́ra, ó fi omi mú ooru rẹ̀ kúrò, ó sì tú u sílẹ̀. Ó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi dì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1851, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ tí ó fi hàn pé òun ló ni ọgbọ́n náà. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 8080. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ náwó lé e kú, àwọn ìwé ìròyìn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kú ní ọdún 1855 láìtíì ta ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 1914, Florida gbé ère rẹ̀ sínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington. Òkú ọ̀run kì í jẹ oyè. Ère kò lè san gbèsè tí ẹni náà ti kú sílẹ̀.

Ìtàn kejì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1881. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Charles Guiteau yìnbọn lu Ààrẹ James Garfield ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Washington. Wọ́n gbé Ààrẹ lọ sí White House. Ooru ìlú náà le nígbà náà, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Wọ́n pe àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun ojú omi, Simon Newcomb tí í ṣe onímọ̀ nípa ìràwọ̀ sì dá sí i. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín àwọn aṣọ tí omi yìnyín ti rin, tí ó sì ń darí rẹ̀ sínú yàrá Ààrẹ. Ooru yàrá náà dínkù tó 20 dígírì lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Yìnyín tí wọ́n lò láàárín nǹkan bí oṣù méjì lé ní 200 tọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí á fi méjèèjì wé ara wọn. Gorrie fẹ́ kí atẹ́gùn tútù dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ìlú kékeré kan, kò rí ẹni náwó fún un. Ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo nílò atẹ́gùn tútù, àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun ojú omi ló dìde sí i. Èmi kò sọ pé kí wọ́n má tọ́jú Ààrẹ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe ọgbọ́n ló ṣaláìsí ní Apalachicola, owó àti ìfẹ́ àtiṣe é ló ṣaláìsí.

Síbẹ̀, atẹ́gùn tútù kò gba Garfield là. Ní ọdún 1867, Joseph Lister ti kọ̀wé ní Ìlú Ọba pé ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ pa kòkòrò tí ó lè wọ ojú ọgbẹ́. Ọ̀pọ̀ dókítà Amẹ́ríkà kò gbà á gbọ́. Ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ ni wọ́n tì bọ inú ọgbẹ́ Ààrẹ láti wá ọta ìbọn. Ọgbẹ́ náà kẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, nígbà tí ó ṣì wà lórí ibùsùn, dókítà kan ní Cuba tí ń jẹ́ Carlos Finlay dìde ní Havana, ó ní ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Nǹkan bí 20 ọdún ló kọjá kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ló sọ. Ìjà ibà pọ́njú náà kan ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú: Yaba ní Èkó ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ti ṣe ìwádìí rẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930, ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, sì kú nípasẹ̀ àìsàn náà ní Èkó ní ọdún 1927.

Láti ibi yìí ni ìtàn ti yí padà. Títí di ìgbà náà, bí ara yóò ṣe tutù ni gbogbo ènìyàn ń wá. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ní Charleston ní South Carolina, ẹnjiníà kan, Thomas Hargest, àti oníṣẹ́ abẹ kan, Curtis Artz, ṣe ibùsùn tí ó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ bí iyanrìn. Atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń fẹ́ gba àárín wọn láti ìsàlẹ̀, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà á sì máa ṣe bí omi, aláìsàn á léfòó lórí wọn. Ó wúlò fún ẹni tí iná jó àti ẹni tí egbò mú nítorí pé ó ti pẹ́ jù lórí ìdùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kúbùsù atẹ́gùn dé. Bí wọ́n bá fún ènìyàn ní oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fẹ̀, ooru inú ara á sì sá lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, láti ibẹ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, ara lè fi dígírì kan sí ọ̀kan ààbọ̀ tutù. Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí àbúrò mi, gbígbọ̀n tí òun gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ débi pé eyín òun ń ró, bẹ́ẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìró méjì àti kúbùsù kan ni wọ́n fi bò ó. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí ni mo tó mọ̀ pé gbígbọ̀n náà ní ìtumọ̀.

Ní ọdún 1987, Scott Augustine, dókítà tí ń fún aláìsàn ní oògùn oorun ní Minnesota, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ Bair Hugger jáde. Kúbùsù bébà àti ọ̀rá ni, ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń sẹ́ atẹ́gùn, ó ń mú un gbóná, ó sì ń fẹ́ ẹ gba inú rọ́bà kan wọ inú kúbùsù náà. Ní ọdún 1996, àwọn oníṣègùn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Austria lórí 200 aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún. Nínú àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ara wọn tutù, kòkòrò wọ ojú ọgbẹ́ ẹni 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí wọ́n mú ara wọn móoru, ẹni 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Bí ara bá tutù, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ojú ọgbẹ́ dáadáa, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kì í sì lè jà bó ṣe yẹ.

Kò sí ìtàn tí kò ní àríyànjiyàn. Nígbà tí ó yá, Augustine fúnra rẹ̀ ní atẹ́gùn tí ń fẹ́ náà lè gbé kòkòrò lọ sójú ọgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2017, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí àwọn oníṣègùn pé àwọn kò rí ẹ̀rí tí ó dúró ṣinṣin lórí ọ̀rọ̀ náà, àti pé kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ tí ń mú aláìsàn móoru nìṣó níbi tí ó bá ti yẹ. Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gba àwọn ilé ìwòsàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú ara ẹni tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún móoru.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kọ́. Èkíní, ènìyàn lè ṣe ohun rere pẹ̀lú ìdí tí kò tọ̀nà. Èrò Gorrie nípa ibà kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ wà lára gbòǹgbò fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Èkejì, ẹ̀rọ ńlá kò lè rọ́pò ọwọ́ mímọ́. Yìnyín 200 tọ́ọ̀nù kò tó ọṣẹ àti omi tí wọn kò lò. Ẹ̀kẹta, wíwọ̀n ló ń fi òótọ́ hàn. Bí wọn kò bá ka iye àwọn aláìsàn náà, à bá ṣì máa rò pé gbígbọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í ṣe nǹkan kan.

Ìbéèrè mi ńkọ́? Ta ni atẹ́gùn náà wà fún? Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná kò lè ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ, a sì mọ bí iná ṣe ń lọ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, a lè bo aláìsàn dáadáa kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, a lè wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà, a lè pa ẹ̀rọ amúlétutù títí wọn yóò fi bò ó tán, a sì lè wọn ìgbóná ara rẹ̀ kí á má kàn máa fojú díwọ̀n. Kò sí èyí tí ó ju agbára ilé ìwòsàn kékeré lọ nínú wọn. Èrò tèmi ni pé kí ìjọba fún àwọn ilé ìwòsàn ní iná tí kì í kú, àní bí ó jẹ́ ti oòrùn, kí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa sì má ṣe dúró de ẹ̀rọ kí wọ́n tó mú aláìsàn móoru. Ohun tí Gorrie fẹ́ fún àwọn ará Apalachicola ní ìgbà ayé rẹ̀, kò yẹ kí ó di ohun tí àwọn ènìyàn pàtàkì nìkan ń rí gbà ní ìgbà ayé tiwa.