Àlejò Tí Kò Lè Gun Àtẹ̀gùn: Ìtàn Ilé àti Ìsinmi ní Emùré-Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti oko bọ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà tí kò lè wọlé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Emùré-Ilé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí Emùré tó wà ní Èkìtì. Bí ọdún Kérésì bá dé, tàbí bí òkú àgbà bá wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ìlú a máa ti Èkó, Àbújá àti òkè òkun wálé. Ìsinmi tiwa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kì í jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìwá, àfi ìgbà tí àtọ̀gbẹ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó sì di ẹni tí ń lo àga oníkẹ̀kẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ló gbé e gun àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀ bí ẹni gbé àpò kòkó. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò mu omi láti ọ̀sán títí di òru. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá mu ún, ta ni yóò gbé mi dé ṣáláńgá?" Ọjọ́ kejì ló padà sí Èkó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa ibi tí àtẹ̀gùn ti wọ inú ilé wa. Ilé àwọn baba wa kò ní àjà lórí. Agbo ilé ni wọ́n ń kọ́: yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá, òjò a sì máa rọ̀ sí àárín. Ní ààfin Ọlọ́wọ̀, àwọn àgbàlá yìí, tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pè ní ùghà, pọ̀ débi pé àlejò lè sọnù sí inú wọn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, arúgbó lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó máa rí gbogbo ohun tó ń lọ. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a fi oyin sí ìtàn. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ga ju àgbàlá lọ nítorí omi òjò, ẹnu ọ̀nà yàrá kéré, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ẹni tí ń fà nílẹ̀ mọ ìyà tó wà níbẹ̀.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wá sọ àtẹ̀gùn di ohun iyì. Ọdún 1845 ni a máa ń dárúkọ fún èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ sí Àgbádárìgì. Àwọn Sàró àti Àgùdà tó padà wálé gbé ọnà tiwọn wọ Èkó. Nígbà tó di ọ̀rúndún ogún, owó kòkó gbé páánù àti sìmẹ́ńtì dé àwọn ìlú wa. Ẹni tó bá lówó a gbé ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ sókè, kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó láti ìsàlẹ̀. Àwọn òyìnbó ìjọba náà kọ́ rẹ́sìtì háúsì fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń rìnrìn àjò. Fún ara líle ni wọ́n kọ́ ọ. Títí dòní, òkè la fi ń polówó ìgbafẹ́ wa: àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó rí ìlú àtijọ́ lórí òkè Ìdànrè.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a kò ní ẹ̀kọ́ nípa akàndá ẹ̀dá. Ọbàtálá tó ń mọ ènìyàn ló ni abuké, arọ àti àfín. Ẹni òrìṣà ni wọ́n, èèwọ̀ sì ni kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí a fi ẹnu sọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà.

Ní ìlú òyìnbó pàápàá, ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Selwyn Goldsmith, ayàwòrán ilé ní Ìlú Ọba, ní àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ní ọdún 1956. Ní 1963 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí bí a ṣe ń kọ́ ilé tí aláàbọ̀ ara lè lò. Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990. Àwa náà fi ìdí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé múlẹ̀ ní 2010, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 sì ni Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti 2024. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì tó súnmọ́ yín.

Èmi àti àwọn àbúrò mi dá owó jọ láti tún yàrá ìsàlẹ̀ kan ṣe. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú ilé, gíga wọn lápapọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45. Ìlànà tí a mọ̀ ni pé bí ibì kan bá ga ní ìwọ̀n kan, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò gun ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ní ìlọ́po méjìlá rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 540 nìyẹn. Bíríkìlà wa yanu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọsibítù lẹ fẹ́ kọ́ ni?" Mo ní kí ó jókòó sórí àga Màmá, kí ó gun èyí tó kúrú tó fẹ́ ṣe fún wa, tí ó ti fi pákó ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Kò tún jiyàn mọ́.

A fẹ ẹnu ọ̀nà tó sẹ̀ǹtímítà 90, a fi àyè 150 sílẹ̀ kí àga lè yí po. A gbé ilé ìgbẹ̀ àti balùwẹ̀ mọ́ yàrá, a fi irin ìfọwọ́dìmú sí ara ògiri, a kò sì lo táìlì tó ń yọ̀. A fi páánù bo ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, nítorí ojò kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Okùn tí a ta láti yàrá dé ìdí ẹ̀rọ omi wà fún àlejò tí kò ríran, iná tó ń tàn bí a bá tẹ bọ́tìnì lẹ́nu ọ̀nà sì wà fún ẹni tí kò gbọ́ràn.

Ọdún tó tẹ̀lé e, Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti àga wọlé. Ó béèrè omi, ó mu ife méjì, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn arúgbó àdúgbò náà ti ń gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn báyìí, bí ẹni pé fún wọn ni a ṣe é.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ogbó ni ogun tí gbogbo wa ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ẹ bá ń kọ́ ilé sí abúlé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ bíríkìlà bí ẹ̀yin fúnra yín yóò ṣe wọ̀ ọ́ ní ọgbọ̀n ọdún sí i.