Joe Vigil àti Àwọn Sárésáré Alamosa

Alamosa jẹ́ ìlú kékeré kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà. Orí ilẹ̀ títẹ́jú láàárín àwọn òkè ló wà, síbẹ̀ ó fi bíi 2,300 mítà ga ju ojú òkun lọ. Àgbẹ̀ pòtétò pọ̀ níbẹ̀, òtútù ibẹ̀ a sì máa wọni léegun nígbà ọ̀gìnnìtìn. Ìlú yìí ni Joe Vigil, tí wọ́n bí ní 1929, ti dàgbà lọ́wọ́ ìyá tó ń dá ọmọ tọ́. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ibẹ̀ náà sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Adams State ti gbà á ní 1965 pé kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré ìje.

Eré ìje cross country kò mọ pápá tí wọ́n fàlà sí. Orí koríko, nínú ẹrẹ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ti ń sá a, tó kìlómítà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá fún ọkùnrin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kò lè bá àwọn yunifásítì ńlá du ọ̀dọ́ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ohun tí Vigil ní tí wọn kò ní ni afẹ́fẹ́ Alamosa.

Afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́, ọ́síjìn inú rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ á máa pèsè sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sí i, kí ìwọ̀nba tó ń mí sínú lè tó o. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ tètè ń muni níbẹ̀, kì í sì í tètè lọ. Kóòṣì tí kò bá mọ ìwọ̀n yóò fi òkè yẹn ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ìdí nìyí tí Vigil fi jókòó ti ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ní 1968, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí di ti gbogbo ayé. Ìlú Mexico City, tó ga tó 2,240 mítà, ló gbàlejò Òlíńpíìkì. Ron Clarke, ọmọ Ọsirélíà tó ń jẹ gàba lórí eré ọ̀nà jíjìn nígbà náà, parí 10,000 mítà ní ipò kẹfà, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ọ́síjìn ni wọ́n fi dá ẹ̀mí rẹ̀ padà. Amẹ́ríkà ti rí i tẹ́lẹ̀ pé òkè yóò dáni lágara. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, Alamosa ni wọ́n ti yan àwọn tí yóò sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin fún wọn.

Láàárín ọdún 29 tí Vigil lò ní Adams State, ìgbà 19 ni àwọn ọmọ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe òkè nìkan ló ṣe é. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn wà lórí òkè tí kò rí irú rẹ̀ ṣe. Ẹ wo Pat Porter, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí nígbà tó wà ní girama. Lọ́wọ́ Vigil ló ti di ẹni tó gba ife cross country Amẹ́ríkà lọ́dọọdún láti 1982 títí dé 1989, ìgbà mẹ́jọ léraléra.

Iṣẹ́ tó dán jù wáyé ní 1992, ní ìdíje àpapọ̀ cross country ìsọ̀rí kejì ti NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń ka àmì nìyí: ipò tí márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá dé ni wọ́n ń rò pọ̀, ẹgbẹ́ tí iye tirẹ̀ kéré jù ló gbégbá orókè. Ẹni kìíní tó dé lọ́jọ́ náà, ọmọ Adams State ni. Ẹni kejì, ọmọ Adams State. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni kẹta, ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún. Àmì 15 ni wọ́n kó, ẹgbẹ́ kankan kò sì lè kó iye tó kéré sí i.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Vigil fẹ̀yìn tì. Damon Martin, tó ti sáré lábẹ́ rẹ̀ rí, ló gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì tún ń gba ife. Vigil alára kò jókòó. Ní 1996, Deena Drossin, tó di Deena Kastor lẹ́yìn ìgbéyàwó, kó wá sí Alamosa láti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú eré ẹlẹ́mìí ẹṣin Òlíńpíìkì ní Athens, ní 2004, oòrùn ń jó bí iná, Kastor rọra wà lẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù ń sá tẹ̀lé Paula Radcliffe, ọmọ Bìrìtéènì. Ó ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Radcliffe fúnra rẹ̀ sì dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí eré parí, Kastor kọjá ọmọ Etiópíà tó wà ní ipò kẹta, ó sì wọ pápá ìṣeré tòun ti omijé lójú. Àmì-ẹ̀yẹ idẹ ló gbà, àkọ́kọ́ tí obìnrin Amẹ́ríkà gbà nínú eré ẹlẹ́mìí ẹṣin Òlíńpíìkì láti 1984. Ẹni ọdún 74 ni Vigil lọ́jọ́ náà.