Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Kọ̀ Láti Sọ ní Fukushima

Bí a bá bèèrè ohun tó mú ará Japan kẹ̀yìn sí iná átọ́míìkì, ìtànṣán olóró ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi èdè ṣiṣẹ́ jẹun rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì, omi òkun sì ya wọ Fukushima Daiichi, ibùdó iná iléeṣẹ́ TEPCO. Ẹ̀rọ tó ń tu ibẹ̀ lára dákẹ́. Uranium tí wọ́n fi ń dáná gbóná títí ó fi yọ́ nínú mẹ́ta lára ẹ̀rọ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì, agbẹnusọ àjọ ìjọba kan sọ pé ó ṣeé ṣe kó máa yọ́. Kíá, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. TEPCO ní tirẹ̀ ń wí pé inú ẹ̀rọ “bàjẹ́” ni. Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó gbà pé ó yọ́. Ní 2016, ìwádìí wá fi hàn pé ọ̀gá àgbà wọn nígbà náà ló ní kí wọ́n má lo ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwa náà ní àdàpè, àbí? A kì í pe ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ, ilẹ̀ gbígbóná là ń wí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ejò di okùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ “okùn” lóru á gbẹ́sẹ̀ sókè, torí ó mọ ohun tí à ń wí. Ti TEPCO jọ ti ìyá tó ní ọmọ òun ń fẹ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé olè ló ń jà.

Kí jàǹbá yìí tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ átọ́míìkì 54 ni Japan ní. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún 2012, gbogbo wọn ti dákẹ́, èrò sì ń péjọ síwájú ọ́fíìsì olórí ìjọba ní Tokyo ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní ìlú Futaba, pátákó kan wà tó ń yin átọ́míìkì pé òun ni agbára ọjọ́ ọ̀la tó mọ́lẹ̀. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ronú kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́ ní 2015, òun gan-an, tó ti dàgbà, ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ayé máa rí i.

Nínú oṣù kejì 2023, lẹ́yìn tí ogun Ukraine ti sọ epo àti gáàsì di ọ̀wọ́n, ìwádìí ìwé ìròyìn Asahi fi hàn pé ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún fara mọ́ títan àwọn ẹ̀rọ náà padà, ìdá 42 kọ̀. Lójú tèmi, owó iná ló sún wọn débẹ̀. Kì í ṣe àlàyé iléeṣẹ́.

Nàìjíríà náà ti bá Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé ní 2017 lórí kíkọ́ iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì. Ká tó béèrè iye tí yóò ná wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò sọ fún wa pé ó ti yọ́, lọ́jọ́ tó bá yọ́.