Ìdí Tí Linode Fi Tún Ògiri Ilé Rẹ̀ Mọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ìtàn onílé àti ayálégbé la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni ilé náà wà.

Ẹni tó bá ń fi VPS ṣòwò, á ní sáfà ńlá kan, á pín in sí yàrá-yàrá, á sì máa gba owó yàrá lóṣooṣù. Sọ́fítíwià ló ń mọ ògiri àárín yàrá kan sí èkejì. Bí ògiri bá fẹ́lẹ́, wàhálà ẹnì kan á di ti gbogbo ilé.

Lọ́dún 2003, Christopher Aker dá Linode sílẹ̀ ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà. User-Mode Linux tí Jeff Dike kọ ló kọ́kọ́ fi mọ ògiri. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń falẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge gbé Xen jáde. Òun ló yá jù. Amazon fi bẹ̀rẹ̀ EC2 lọ́dún 2006, Linode náà sì kó lọ sórí rẹ̀ lọ́dún 2008.

Àwọn tó ń ta VPS pọ́ọ́kú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn mú OpenVZ, tó jáde lọ́dún 2005. Nínú OpenVZ, gbogbo yàrá ló ń lo kernel kan ṣoṣo, ìyẹn ọkàn Linux. Èrò púpọ̀ lè gba inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìdánwò wà: onílé lè ta RAM kan náà fún ènìyàn mẹ́ta, bí ọmọ onílẹ̀ tó ta púlọ́ọ̀tì kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ tí gbogbo wọn bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ni àṣírí máa tú. Bí kernel yẹn bá sì dákú, gbogbo ilé ló dákú.

KVM ló wá yí eré padà. Avi Kivity àti ilé-iṣẹ́ Qumranet ní Ísírẹ́lì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì wọ inú Linux fúnra rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2007. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní kernel tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ń tún Linux ṣe, ó ń tún KVM ṣe pẹ̀lú. Linode kó lọ síbẹ̀ lọ́dún 2015. Lọ́dún 2017, Amazon náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo Nitro, tí wọ́n kọ́ lórí KVM.

Àwọn tó fi sọ́fítíwià olówó mọ ògiri rí nǹkan mìíràn. Broadcom ra VMware ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, wọ́n ti dáwọ́ dúró láti máa ta láísẹ́ǹsì tí a ń ra lẹ́ẹ̀kan títí ayé. Onílé fúnra rẹ̀ wá di ayálégbé.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ta VPS, tàbí ẹ fẹ́ yá a, ẹ kọ́kọ́ béèrè nǹkan méjì kí ẹ tó béèrè iye: kí ni wọ́n fi mọ ògiri yìí, ta ló sì ni ín?