Ohùn Akọrin àti Ohùn Ẹ̀rọ

Ní àkókò ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, tí a ń rántí àwọn tí wọ́n gbé orin ìjọ ró ṣáájú wa, ó tọ́ kí a gbé ọ̀ràn kan yẹ̀ wò: ǹjẹ́ ohùn tí a fi iná mànàmáná dá lè bá ohùn akọrin rìn láìbò ó mọ́lẹ̀?

Ní ìlú Cologne, ní ilẹ̀ Jámánì, Karlheinz Stockhausen sọ pé òun fẹ́ ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ fún Kàtídírà ibẹ̀, ṣùgbọ́n a dá òun lóhùn pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò ní ipò nínú ilé Ọlọ́run. Ilé iṣẹ́ rédíò ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ Gesang der Jünglinge, ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọdún 1956. Orin àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta inú iná ìléru ni, èyíinì ni Benedicite tí ó wà nínú Ìwé Àdúrà wa. Ohùn ọmọdékùnrin kan ṣoṣo ni ó gbà sílẹ̀, tí ó sì tò lé ara rẹ̀ títí ó fi dàbí ẹgbẹ́ akọrin láàrín ohùn ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n inú téèpù ni èyí wà. Akọrin kò sí níwájú ènìyàn. Ní ọdún 1965, nínú Mikrophonie II, ó mú akọrin 12 wá, obìnrin 6 àti ọkùnrin 6, pẹ̀lú dùùrù Hammond. Bí wọ́n ti ń kọrin ni ẹ̀rọ ń fi ohùn dùùrù yí ohùn wọn padà lójú ẹsẹ̀, a sì ń gbọ́ méjèèjì pọ̀.

Ìjọ Áńgílíkà pẹ̀lú ní ìpín nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 1980, Jonathan Harvey, tí òun tìkára rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ akọrin ní ìgbà èwe, lo ohùn agogo ńlá Kàtídírà Winchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ohùn ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ akọrin níbẹ̀. Ní Paris ni a ti fi kọ̀ǹpútà tú ohùn agogo náà sí wẹ́wẹ́, tí a sì hun ún mọ́ ti ọmọ náà nínú Mortuos Plango, Vivos Voco. Ọ̀rọ̀ tí a fín sára agogo ni ọmọ náà ń kọ: pé agogo ń ṣọ̀fọ̀ òkú, ó sì ń pe alààyè wá sí àdúrà.

Nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ kò lé akọrin kúrò. Síbẹ̀, àwa ọmọ Yorùbá ní láti ṣọ́ra ju àwọn wọ̀nyí lọ, nítorí pé ohùn ni ó ń fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa hàn. Bí ẹ̀rọ bá gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ, ọ̀wọ̀ lè di ọwọ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò mú ẹ̀rọ wọ inú ẹgbẹ́ akọrin, kí ó kọ́kọ́ bi ìjọ léèrè bí wọ́n ṣì ń gbọ́ ohun tí a ń kọ.