Òkè Àdó kan, kọ́kọ́rọ́ méjì: Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ orúkọ tó dọ́gba

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí òǹkà tó wà lẹ́yìn lẹ́tà ló ń wò, kì í ṣe bí lẹ́tà ṣe rí lójú.

Python jẹ́ èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Guido van Rossum ló gbé e jáde ní ọdún 1991. Àpótí kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dict, tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àti ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí. Bí oníṣòwò kan ní Òkè Àdó, n'Ìbàdàn, bá fẹ́ mọ gbèsè tó wà níta, orúkọ àdúgbò lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí iye owó jẹ́ ohun tó ń ṣí.

Kọ́kọ́rọ́ kan kì í wà lẹ́ẹ̀mejì nínú dict. Bí a bá béèrè ọ̀kan, Python yóò ṣírò òǹkà kan láti ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hash, kí ó lè mọ ibi tí yóò wò. Lẹ́yìn náà ni yóò wádìí bóyá èyí tó bá níbẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí a béèrè. Òfin ibẹ̀ ni pé ohun méjì tó bá dọ́gba gbọ́dọ̀ ní hash kan náà. Ìdí nìyí tí 1 àti 1.0 fi jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n "1" tí a kọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí wọn.

Àmì ohùn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Nínú Unicode, àkójọ òǹkà tí a fi ń kọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ "Ò": kí lẹ́tà àti àmì jọ ní òǹkà kan, tàbí kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí a bá kọ "Òkè Àdó" ní ọ̀nà kìíní, Python yóò ka 7, pẹ̀lú àlàfo àárín. Ní ọ̀nà kejì, yóò ka 11. Ọ̀kan ni wọ́n lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba lójú Python. Bí akọ̀wé méjì bá kọ ọ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbèsè àdúgbò náà yóò pín sí méjì. Ẹni tó bá béèrè ọ̀kan kò ní rí èkejì.

Àwọn kan a máa bọ́ gbogbo àmì kúrò. Ewu mìíràn nìyẹn: ọkọ́, ọkọ̀ àti oko yóò di ọ̀kan náà, èyí tí a kọ kẹ́yìn yóò sì pa ti ìṣáájú rẹ́. Ọ̀nà àbáyọ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní normalize, tó wà nínú unicodedata ti Python. A ó fi sọ gbogbo orúkọ di irú kan, bíi NFC, kí a tó kó wọn sínú dict, àti kí a tó wá wọn níbẹ̀. Àmì ohùn yóò dúró síbẹ̀, gbèsè Òkè Àdó yóò sì wà lójú kan.